Líle Kọ́ Ni Pípẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Ajá Máa Rún Lẹ́nu

Èrò ọkàn mi rèé, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ Boerboel tàbí Caucasian (irú ajá ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé) wọlé ní Ìjàpọ̀, Ọ̀bá-Ilé àti káàkiri Àkúrẹ́. (Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ajá Ògún kọ́ là ń sọ.)

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé eyín ajá kì í ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí a bá ń wá ohun tí ọmọ ajá á máa rún, èyí tó le jù là ń mú: eegun itan màlúù, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwo, igi. A ní kó lè pẹ́. Èmi ò gbà. Bí nǹkan bá le ju eyín lọ, eyín ni yóò là. Èyí tó ń pẹ́ lẹ́nu ajá ni èyí tó máa ń tẹ̀, tó sì máa ń padà sí bó ṣe wà.

Ẹ wo ẹnu ọmọ ajá fúnra rẹ̀. Eyín ọmú rẹ̀ jẹ́ 28, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Láti bí oṣù 4 ni wọ́n á ti máa yẹ̀, tí eyín àgbà 42 á máa rọ́pò wọn, títí di nǹkan bí oṣù 7. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìdí eyín á máa yún un, á máa ro ó, ohunkóhun tó bá rí ló máa fi eyín kàn. Kì í ṣe ìpáǹle. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára nǹkan ìṣeré, tàbí eyín kékeré kan nílẹ̀, ẹ má jáyà. Púpọ̀ nínú eyín yẹn ló tiẹ̀ máa gbé mì. Àmọ́ bí eyín ọmú kan bá ṣì dúró ti eyín àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn oṣù 7, dókítà ẹranko ló máa yọ ọ́.

Eyín ọmú yìí tín-ín-rín, eyín àgbà sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń dàgbà. Bí ó bá ṣẹ́ tí kòkòrò àrùn wọ ibẹ̀, ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ jẹ́. Ti ajá tó ti dàgbà náà kò yàtọ̀: eyín ńlá òkè lẹ́yìn, tó fi ń gé ẹran, ni eegun àti pátákò màlúù sábà máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ò ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ óò kàn rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹun, tó bá yá, abẹ́ ojú rẹ̀ á wú.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò yín mọ́ nǹkan náà gírí. Bí ojú èékánná kò bá hàn rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ó ti le jù. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kọ́dọ̀rọ̀. Rọ́bà gidi á tẹ̀, á sì nà padà. Ike á funfun níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò ti sán, ẹ̀rún rẹ̀ á sì mú bí abẹ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù tàbí ọ̀dà, ẹ fi sílẹ̀. Kó jẹ́ odidi kan ṣoṣo, láìsí ojú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, láìsí ìrù tí wọ́n rán mọ́ ọn, torí ohun tó máa kọ́kọ́ yọ nìyẹn. Àwọn tó máa ń dún fín-ín tí a bá tẹ̀ wọ́n, ike kékeré kan ló wà nínú wọn. Ọmọ ajá kò ní sinmi títí á fi yọ ọ́, kó sì gbé e mì.

Ìwọ̀n ṣe kókó ju ẹwà lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá lè kọjá sẹ́yìn eyín ṣóńṣó mẹ́rin iwájú lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ á sì jẹ́ kó máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń gbìyànjú láti fà á jáde. Ẹ ra èyí tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ti oṣù méjì tó ń bọ̀ kún un. Ọmọ Boerboel kì í dúró dè yín. Èyí tó bá ní ihò, kó jẹ́ ihò méjì, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ajá ń lá inú rẹ̀, ó lè fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kí nǹkan náà wá di ahọ́n rẹ̀ mú pinpin, kí ahọ́n wú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra KONG, rọ́bà tó rí bíi bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò léra: píǹkì àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ọmọ ajá, ó rọ̀, pupa ni ti àgbà, dúdú ló le jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn ra dúdú fún ọmọ oṣù 3 torí pé Caucasian ni. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ńkọ́? Irun ara rẹ̀ máa ń kó iyanrìn, á wá máa ha eyín bíi sáńpépà. Ẹ fi jù fún un kó gbé e wá, kí ẹ sì gbà á.

Ohun ọ̀fẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Eegun adìẹ sísè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ègé pọ̀nmọ́ gbígbẹ tó bá gbé mì á wú nínú, á dí ọ̀nà. Ká má tíì sọ èyí tí wọ́n fi táyà sun. Táyà àlòkù fúnra rẹ̀ ní wáyà nínú. Igi ẹ̀gẹ́ ní májèlé. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ṣùkù àgbàdo, torí lásìkò àgbàdo tuntun, etí títì kún fún un, kì í sì í dà nínú ikùn ajá. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń yọ ọ́. Kóró máńgòrò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá kòkó sójúde, ẹ dáàbò bò ó: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní theobromine nínú kóró kòkó lè pa ajá, ọmọ ajá tó kéré ni díẹ̀ sì máa ń tètè ṣe lọ́ṣẹ́.

Bí ìdí eyín bá ń ro ó, ẹ rẹ aṣọ ìnura kékeré sínú omi, ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù, ẹ lọ́ ọ bí okùn, kí ẹ gbé e sínú fírísà fún wákàtí kan sí méjì. Bí iná bá ti lọ, ẹ tẹ́ ẹ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí ẹ rà. Ẹ gbà á padà bí ó bá ti yọ́, kó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú rẹ̀ ya. Yìnyín fúnra rẹ̀ kọ́ o, ó le jù. Ẹ sì lè fi ẹ̀kọ tútù àti ẹran sísè tí kò léegun kún inú rọ́bà oníhò, kí ẹ jẹ́ kó dì. Ẹ má fi àṣẹ́kù ọbẹ̀ sí i, àlùbọ́sà kò dára fún ajá. Ẹ̀pà lílọ̀ ilé wa dára, bí ẹ̀pà náà kò bá ti bu. Ti inú ìgò, ẹ kà á lára bóyá xylitol, ohun adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà, wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún ajá.

Nǹkan ìṣeré mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Ẹ fún un ní méjì, kí ẹ fi ìyókù pamọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ogún ìṣẹ́jú lójú yín tó fún ìjókòó kan. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì máa wò ó bóyá ègé kan ti fẹ́ já. Ọjọ́ tí ègé bá já ni ọjọ́ tó máa wọ pàǹtírí, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ má fún un ní bàtà àlòkù. Kò mọ̀yàtọ̀ èyí tí ẹ pa tì àti èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Okùn lílọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Fọ́nrán rẹ̀ tó bá gùn máa ń há síbì kan, ìfun á sì máa ká jọ sórí rẹ̀ títí okùn á fi gé e. Bí ọmọ ajá bá ń bì léraléra, tó kọ oúnjẹ, tó ń tiraka kó tó yàgbẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ẹ bá sì rí fọ́nrán tó ń yọ jáde ní ìdí rẹ̀, ẹ má fà á.