Ara kì í ṣe ẹ̀wù lọ́rùn Ọmọ Ọlọ́run

Gbólóhùn kan ti mọ́ àwa Kristẹni lẹ́nu jù: "Jésù gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀." A fi ń kọrin, a fi ń gbàdúrà, a fi ń wàásù. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́ o. Èrò ọkàn mi ni pé ó rọrùn láti ṣì í gbọ́, àti pé ọ̀pọ̀ wa ti ṣì í gbọ́ láìfura. Ohun tí ènìyàn bá gbé wọ̀, ó lè bọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Bí wọ́n bá fa ẹ̀wù mi ya, ara mi kò bẹ́jẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wù ni ara lọ́rùn Ọmọ Ọlọ́run, a jẹ́ pé ẹ̀wù ni wọ́n kàn mọ́ igi lọ́jọ́sí, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì mọ nǹkan kan lára.

Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ìran àwọn àpọ́sítélì tó kọjá tán. Wọ́n ní ó kàn jọ ènìyàn lójú ni. Àwọn ni ìwé Jòhánù Kìíní 4:2-3 ń bá wí nígbà tó fi ìjẹ́wọ́ pé Jésù Kristi wá "nínú ara" ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi dán ẹ̀mí wò. Ìyẹn nìkan yẹ kó bà wá lẹ́rù díẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tó kọ́kọ́ yọjú nípa Jésù ni pé ara rẹ̀ kì í ṣe ara gidi.

Jòhánù 1:14 kò lo "wọ̀". "Ọ̀rọ̀ náà sì di ara" ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún ara, sarx, kò ní ẹ̀yẹ kankan nínú. Ẹran ara ni, èyí tí ebi ń pa, tó ń rẹ̀, tó sì ń kú. Èyí tí a túmọ̀ sí "ó sì ń bá wa gbé", pípa àgọ́ ni ní Gíríìkì, kí ọkàn wa lè lọ sí àgọ́ inú aginjù tí ògo Olúwa kún. Ẹnì kan lè ní àgọ́ pàápàá ṣeé tú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n "di" tó ṣáájú rẹ̀ ti dí ọ̀nà yẹn pa.

Àmọ́ "di" náà ní ewu tirẹ̀. Bí igi bá di eérú, igi ò sí mọ́. Ṣé Ọlọ́run ò wá jẹ́ Ọlọ́run mọ́ nígbà tó di ènìyàn ni? Ibí yìí gan-an ni àpérò Chalcedon ti ọdún 451 wúlò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àríyànjiyàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù lásán ni. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni Kristi, nínú ìwà méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn. (Ìwà tí mo ń wí yìí kì í ṣe ìwà rere tàbí ìwà búburú, ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an ni.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣe ọgbà yí i ká: láìdàpọ̀, láìyípadà, láìpín, láìyà. Bí mo ṣe ń kà á nìyí: méjì àkọ́kọ́ ń ṣọ́ ẹni tó bá ṣi "di" gbọ́, méjì tó kù ń ṣọ́ ẹni tó bá ṣi "wọ̀" gbọ́. Wọn ò ṣàlàyé bó ṣe ṣeé ṣe. Ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbà lọ ni wọ́n sàmì sí. Ìjọ Coptic ti Íjíbítì àti àwọn ìjọ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò tẹ́wọ́ gba àpérò yẹn, torí ẹ̀rù bà wọ́n pé "ìwà méjì" yóò pín Kristi sí méjì. Síbẹ̀ ní 1973, Póòpù Paul Kẹfà ti Róòmù àti Póòpù Shenouda Kẹta ti ìjọ Coptic jọ fọwọ́ sí ìwé pé Ọlọ́run pípé ni, ènìyàn pípé sì ni.

Fílípì 2:7 náà ń fa ìṣìnà. Nínú Bíbélì Yorùbá tí púpọ̀ nínú wa fi dàgbà, a kà pé ó "bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀", a sì ń rò pé ó fi nǹkan kan sílẹ̀ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí Gíríìkì wí ni pé ó sọ ara rẹ̀ di òfìfo, ojú ẹsẹ̀ ló sì sọ bó ṣe ṣe é: ó mú àwọ̀ ìránṣẹ́. Ohun tó gbà kún ara rẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò yọ nǹkan kan kúrò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lónìí kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹ̀wù, ti ìdajì-ìdajì ni: ara ti ènìyàn, ọkàn ti Ọlọ́run. Apollinaris, bíṣọ́ọ̀bù Laodíkíà, ló fi irú rẹ̀ kọ́ni ní ọ̀rúndún kẹrin. Ó ní Ọ̀rọ̀ náà ló gba ipò èrò inú ènìyàn nínú Jésù. Àpérò Constantinople dá a lẹ́bi ní 381. Gregory ará Nazianzus sì fi gbólóhùn kúkúrú kan dá a lóhùn: ohun tí Kristi kò bá gbà mọ́ra, kò wò ó sàn. Ó yẹ kí a máa lo gbólóhùn yẹn bí ìwọ̀n. Ebi? Ó gbà á mọ́ra (Mátíù 4:2). Àárẹ̀, Jòhánù 4:6. Ẹkún, Jòhánù 11:35. Dídàgbà nínú ọgbọ́n, Lúùkù 2:52. Àìmọ ọjọ́ náà, Máàkù 13:32, ẹsẹ tí àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá. Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Rárá, Hébérù 4:15 sọ bẹ́ẹ̀, kò sì dín jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ kù, torí ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà ara wa. Àìsàn ara náà ni.

Ẹ wá gbé e wọ Gẹtisémánì. "Ìfẹ́ ti èmi kọ́, bí kò ṣe tìrẹ." Bí Jésù kò bá ní ìfẹ́ inú ti ènìyàn, eré ni àdúrà yẹn. Wọ́n gé ahọ́n àti ọwọ́ ọ̀tún Maximus, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní ọ̀rúndún keje, torí kò gbà pé ìfẹ́ inú kan péré ló wà nínú Kristi, ìgbèkùn ló sì kú sí ní 662. Kò tó 20 ọdún lẹ́yìn náà tí àpérò Constantinople ti 680 sí 681 fi fìdí ohun tó ń sọ múlẹ̀. Ẹni tó bá ń wí pé "ó rọrùn fún Jésù, torí Ọlọ́run ni" kò tíì ronú débi òógùn tó dà bí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Ara náà kò sì parí sí ọ̀run. Lúùkù 24 ní ó jẹ ẹja lẹ́yìn àjíǹde. Kólósè 2:9 sọ pé ẹ̀kún Ìwà-Ọlọ́run "ń gbé" inú rẹ̀ ní ara, kò ní "ti gbé rí". Ènìyàn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún wa báyìí.

Ní ti àdúrà, ọ̀nà Ignatius ti Loyola, àlùfáà ará Sípéènì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ mú Lúùkù 1:26-38, níbi tí áńgẹ́lì ti tọ Màríà wá, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pa á dé. Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo ayé: àwọn tó ń sunkún, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń jagun, àwọn tí wọ́n ń bí, àwọn tó ń kú. Ẹ wo Ọlọ́run tó ń wò wọ́n, tó sì pinnu. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ̀ sí Násárétì. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ wá bá Olúwa sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, kí ẹ fi Bàbá Wa pa á dé. Ìṣẹ́jú 20 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: a ń fo ti ayé, a ń sáré bá áńgẹ́lì, ìdí tó fi wá a sì sọnù. Tàbí kó má tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún kí a ti máa wá ẹ̀kọ́ tí a ó kọ́, àdúrà ti di ìmúrasílẹ̀ ìwàásù. Bí ọkàn bá ń rìn lọ, ẹ má bá a jà, ẹ padà sí ẹsẹ 38, níbi tí Màríà ti gbà. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró pẹ́ sí jù. Ìjọ ayé àtijọ́ gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí 25 oṣù kẹta fi jẹ́ àjọ̀dún, oṣù mẹ́sàn-án gééré sí Kérésìmesì. Lúùkù kò ní iná tàn, kò ní ilẹ̀ mì. Áńgẹ́lì náà lọ. Ó ku àwọn méjì níbẹ̀, ẹnì kan nínú wọn kò sì tíì ní ọwọ́.