Ẹgbẹ́ gbèrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni onídùúró?

Ọdún ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò olórílẹ̀-èdè méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn ọdún jáde. Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí, àwọn chamber tó so Nàìjíríà mọ́ ilẹ̀ òkèèrè kan. Ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1960, ti Gẹ̀ẹ́sì láti 1977, ti Faransé náà wà, ti Ṣáínà náà wà. Ọ̀kan nínú wọn, tí n kò ní dárúkọ, ni ọ̀rẹ́ mi kan fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ọdún ìdàgbàsókè" ni wọ́n pe ọdún yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé, wọ́n jẹ àsè alẹ́, mínísítà wá kí wọn, wọ́n kó èèyàn lọ sókè òkun, àwọn ará ọ̀hún náà sì wá síbí. Fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò: kóòtù, gèlè, ife dídán. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Èkó kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n dárúkọ Àbújá níbì kan sí méjì, Ìbàdàn ò sí níbẹ̀ rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlara ló ń ṣe mí o. Ẹgbẹ́ tó bá rí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní irú àsìkò yìí, ó ṣiṣẹ́. Ní 2023 ni GSK, ilé-iṣẹ́ apòògùn ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọdún yẹn ń lọ sópin, P&G náà, àwọn tó ni Ariel àti Pampers, ní òun ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, pé kí wọ́n kàn máa kó o wọlé ló kù. Tí àwọn ńláńlá bá ń di ẹrù wọn, tí ẹ sì lè mú kí àwọn kéékèèké wá jókòó tì yín kí wọ́n sì san owó ẹgbẹ́, mo kí yín kú iṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ ìdàgbàsókè náà wò dáadáa. Ibì kan wà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé owó tó wọlé fún ẹgbẹ́ ti ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Owó wo? Náírà ni o. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹgbẹ́ tó ń gba mílíọ̀nù kan nígbà yẹn, tó wá ń gba mílíọ̀nù méjì báyìí, ẹ bá mi fi dọ́là wọ̀n ọ́n: ó ti rù. Gbogbo aláàmàlà ìlú yìí ló mọ ìṣirò yẹn láìlọ sí yunifásítì. Owó tó ń kà lálẹ́ ti pọ̀ sí i, èlùbọ́ tó ń rà láàárọ̀ ò pọ̀ sí i.

Iye ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Wọ́n pọ̀ sí i, mo gbà. Kí ni ẹni tó wọlé wá rí gbà? Ìbéèrè tèmi nìyẹn, òun ló sì gbé ọkàn mi lọ sí Sábó.

Ní 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Hausa. Òwò tó gbé àdúgbò náà ró ni màlúù tó ń ti òkè Ọya bọ̀ àti gbàǹja tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó da màlúù wá látòkè kò mọ alápatà kankan ní Ìbàdàn, kò gbọ́ Yorùbá, kò sì lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ títí. Bẹ́ẹ̀, àwìn ni àwọn alápatà ń rà. Wọ́n á pa màlúù, wọ́n á ta ẹran, ká tó wá máa sọ̀rọ̀ owó. Báwo ni àjèjì ṣe fẹ́ fi màlúù sílẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí? Baálé tó gbà á sílé ní Sábó ló ń dúró láàárín. Ó ń fún un ní ibi tó máa sùn, ó ń bọ́ ọ, ó mọ alápatà tó ń san gbèsè, ó mọ èyí tó jẹ́ pé tó bá ti gba màlúù, ó di "ẹ padà wá lọ́la." Ó ń gba owó tirẹ̀ lórí màlúù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí owó yẹn tọ́ sí i ni pé bí alápatà bá sá lọ, ọrùn baálé ló kù sí. Òun ló máa wá owó náà fún àlejò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í mú ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ tó dáa wá bá àlejò.

Òwò láàárín ìlú méjì nìyẹn, kò sí ìwé àdéhùn nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ya fọ́tò. Èmi ò ní kí chamber máa san gbèsè ẹlẹ́gbèsè o. Ohun tí mò ń sọ ni pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fojú ọlọ́jà mọ ti oníbàárà ní ohun tó lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde òní, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ti gba owó tirẹ̀ ṣáájú, kò sì sí ohun tó máa sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fojú yín mọ ti olè.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá kan tí a jọ ń ṣòwò ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn níbí. Èlùbọ́ ló ń tà. Láti Òkè-Ògùn ni gbodo rẹ̀ ti ń wá, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé àpò kan lọ sí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé òun tú u sórí ẹní. Á máa ṣẹ́ ẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dún pàkà, kò gbẹ nìyẹn, á jù ú sẹ́yìn. Èyí tó bá ní ohun tútù-tútù nínú bí ẹ̀hìn ògiri ìgbà òjò, á fi imú sí i, á ṣojú fààrò, á sì jù ú sínú garawa tó wà fún oúnjẹ ewúrẹ́. Nílọ́nù méjì ló ń dì í sí, ó ń fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Mo ti bá a jókòó tì í, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá yìí wọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Nínú ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ fún un ló ti rí oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń pín oúnjẹ wa fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Peckham. Ó gba ẹrù àkọ́kọ́, ó san. Ó gba ìkejì, ó san díẹ̀, ó ní ìyókù ń bọ̀. Ó ní kí ìyá kó púpọ̀ wá nítorí ọdún Kérésì. Ìyá yá owó, ó kó púpọ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìpè ò wọlé mọ́, àmì aláwọ̀ búlúù ò sì jáde lórí ìwé tó ń kọ sí i lórí WhatsApp. Ó pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ọmọdébìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ̀wàá hù.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú, àwa kàn ń mú èèyàn mọ èèyàn ni."

"Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́ mà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo wá ń wo ìròyìn ọdún yìí, mo ń ronú sí i. Wọ́n máa ń ka àwọn tó wọlé. N kò tíì rí ìròyìn tó ka àwọn tó jáde, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ohun tí wọ́n jẹ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn alága ẹgbẹ́ máa sọ: àwọn kì í ṣe ilé ẹjọ́, àwọn kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ní ẹsẹ̀ kan níbí, tó ní ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, lè ṣe ohun tí apá ìyá Bódìjà ò ká. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Companies House ni wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kéèyàn wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ta ni ọ̀gá ibẹ̀, ṣé ó ń fi ìṣirò owó rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, ṣé wọ́n ti fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan lè wo èyí kí tíì rẹ̀ tó tutù. Wọ́n lè rán ẹnì kan lọ sí Peckham lọ wo ilé ìkẹ́rùsí náà. Wọ́n lè kọ lẹ́tà tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí. Olówó òyìnbó lè má dáhùn ìpè láti Bódìjà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹgbẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù wà nínú rẹ̀, á kà á. Ó kéré tán, wọ́n lè kìlọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó kàn.

Tiwa náà wà níbẹ̀ o, n kò ní gbè sẹ́yìn ìyá títí kí n má sọ ọ́. Gbogbo àdéhùn òun àti ọkùnrin yẹn, ohùn lásán ni lórí WhatsApp. "Màmá, ẹ kó o wá, a jọ wà ńbẹ̀." Kò sí ìwé kankan tó sọ iye, ọjọ́ tí owó máa wọlé, tàbí ibi tí ẹjọ́ máa lọ. Ìdajì ọjọ́ kan tó láti fi kọ́ èèyàn ní èyí, ní Yorùbá, ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, owó ìwọlé rẹ̀ tó ra àpò gbodo.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba ẹ̀wà. Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos, òògùn kòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper. Èwo nínú àwọn ẹgbẹ́ tó so wá mọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló ti dúró láàárín àwọn ìyá ẹlẹ́wà ní Bódìjà láti ṣàlàyé ìyẹn? Bó bá wà, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, màá tọrọ àforíjì ní gbangba. Kòkó náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ní 2023 ní kí kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá má wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí oko náà wà gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ń sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ni, wọn ò wọ́gi lé e. Ìlú tí owó kòkó ti kọ́ Cocoa House, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní 1965, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ níbẹ̀. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ láti 1967. A ní chamber tiwa náà nínú Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n lè bá ṣiṣẹ́ ò wọ́n.

Bó bá jẹ́ ti ọ̀nà ni wọ́n ń wí, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí reluwé tuntun tó ń gbé èèyàn láti Èkó wá sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn níbí. Kìlómítà 157 ni gbogbo rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ wá ọjà, Mọ́níyà ló jìn sí wọn.

Ìpàdé gbogbogbò àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ wà, ẹ bá mi nawọ́ sókè. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan péré kún ìròyìn ọdún tó ń bọ̀: ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ló tajà tí wọn ò sanwó fún, mélòó nínú wọn ni ẹgbẹ́ bá dá sí i, eélòó ló padà wọlé, àti orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àsè alẹ́, n kò bínú sí fọ́tò. Ìyá Bódìjà kò san owó ẹgbẹ́ lọ́dún yìí. Ó ní ọjọ́ tí ojú ìwé yẹn bá jáde ni òun máa padà san án, mo sì ti sọ fún un pé ọjọ́ kan náà ni èmi máa gba fọ́ọ̀mù tèmi.