Ẹni méjì ló ń gbá a: èrò ọkàn mi lórí Mathias Boe

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Mathias Boe, ará Dẹ́nmáàkì tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ gbá badminton ẹlẹ́ni-méjì (eré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá lórí àwọ̀n), tí wọ́n á sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo dì í pa: "Kò kúkú gba wúrà Òlíḿpíìkì." Òótọ́ ni, kò gbà á. Fàdákà ni òun àti Carsten Mogensen gbé kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012. Fàdákà náà ni wọ́n tún gbé ní ìdíje àgbáyé ní Guangzhou lọ́dún 2013. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń dá gbá ni wọ́n fi ń wo ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbá. Ohun tí mi ò lè gbà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo eré wọn kan kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ wo ti Lọ́ńdọ̀nù, ìpele tó kángun sí àṣekágbá, tí wọ́n bá Jung Jae-sung àti Lee Yong-dae ti Gúúsù Kòríà gbá. Abala kìíní bọ́ lọ́wọ́ wọn, 17-21. Wọ́n gba ìkejì, 21-18. Ìkẹta dé 20-20, wọ́n sì gbà á 22-20. Mo ti mọ bó ṣe parí, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá tún ń wò ó.

Ibi tí Boe dúró sí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Iwájú ló wà, nítòsí àwọ̀n, rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà lókè. Ẹ̀yìn ni Carsten wà, òun ló ń fò sókè, tó ń la bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, òun sì ni àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí kò mọ eré náà á rò pé Carsten nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, Boe ló ti ṣe é tí bọ́ọ̀lù yẹn fi gòkè wá. Ó ti rọra gbá a kọjá lórí àwọ̀n, ó lọ sílẹ̀ débi pé kò sí ohun tí àwọn ẹni ọ̀hún lè ṣe ju kí wọ́n gbé e sókè. Bí wọ́n bá sì ti gbé e sókè, Carsten ló kù.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Boe, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Carsten. (Lọ́pọ̀ ilé tiwa, wọn ì bá ti na ọwọ́ òsì yẹn títí yóò fi yí padà, ó sì ń dùn mí pé a ò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.) Bí àwọn méjèèjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti dènà, ibi tí o ti kọ́ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ti rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́wọ́ òsì ti le jù. O ní láti tún ìṣirò rẹ ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Báyìí ni wọ́n ṣe gba All England lẹ́ẹ̀mejì, ìdíje tó ti wà láti ọdún 1899: lọ́dún 2011, àti lọ́dún 2015 nígbà tí Boe ti di ẹni ọdún 34. Ẹni tí wọ́n nà ní àṣekágbá 2015 ni Fu Haifeng àti Zhang Nan. Fu Haifeng yìí wà lára àwọn méjì tó gba wúrà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ Carsten, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Boe kò torí ìyẹn fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn méjèèjì tún jọ dúró ní Òlíḿpíìkì Rio. Wọn ò jáde nínú ìsọ̀rí wọn, ìpele àkọ́kọ́. Àmọ́ lọ́dún 2017, wọ́n gba ife Yúróòpù ní Kolding, nílé wọn ní Dẹ́nmáàkì. Lójú tèmi, ife yẹn ju fàdákà méjèèjì lọ.

Lọ́dún 2021, Boe di akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Satwiksairaj Rankireddy àti Chirag Shetty, àwọn méjì tó jọ ń gbá fún Íńdíà. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, wọ́n na Lee Yang àti Wang Chi-lin, àwọn tó wá gba wúrà níkẹyìn, síbẹ̀ ìṣirò iye abala tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n pàdánù kò jẹ́ kí àwọn ọmọ Boe kọjá ìsọ̀rí.

Thomas Cup ọdún 2022 ní Bangkok, ìdíje badminton àwọn ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ni mi ò lè gbàgbé. Ta ni Íńdíà bá pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá? Dẹ́nmáàkì! Boe jókòó ti àwọn ọmọ Íńdíà, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa na ọmọ ilé rẹ̀, wọ́n sì nà wọ́n 3-2. Ní àṣekágbá, Indonéṣíà gbé Mohammad Ahsan jáde pẹ̀lú Kevin Sukamuljo. Ahsan yìí kan náà, òun àti Hendra Setiawan, ló na Boe ní Guangzhou. Abala kìíní bọ́, 18-21. Ní abala kejì, póìntì kan péré ló kù kí eré parí mọ́ Satwik àti Chirag lórí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n yọ, 23-21, wọ́n sì gba ìkẹta 21-19. Íńdíà gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn méjèèjì dé ipò kìíní lágbàáyé. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, Boe kéde pé òun ń fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka wúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fídíò Bangkok yẹn. Láti abala kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.