“Wèrè tó ti wọ ọjà kò lè sàn mọ́”: ìgbàgbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn télọ̀ pọ̀ sí nínú ọjà kan ní Ìkéré-Èkìtì. Irun orí rẹ̀ ti dì, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti ya dé itan. Bí àwọn télọ̀ bá ti gbá àjákù aṣọ síta nírọ̀lẹ́, yóò ṣa àwọn tó fẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò tẹ́ wọn lé orúnkún, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n nà, yóò sì ká wọn sí mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, etí aṣọ á bá etí aṣọ mu. Àwọn ọmọdé á máa fi í ṣe ẹ̀sín. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nítòsí ló sọ fún mi pé aṣọ kíká yẹn kì í ṣe ara àìsàn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, nítorí télọ̀ ni kó tó di pé ara rẹ̀ yí. Mo bi í pé ṣé àwọn ẹbí rẹ̀ kò wá a wá ni. Ó ní: “Wọ́n wá a títí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti wọ ọjà, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe sí i?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìyá náà nìkan. Láti Ọ̀tùn dé Ìsẹ̀, láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè dé Ọmùò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, lẹ́nu ọ̀dọ́, lẹ́nu ẹni tó ka ìwé àti ẹni tí kò kà, pé bí àìsàn ọpọlọ bá ti gbé èèyàn wọ ọjà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn kan yóò ní ọjà ni ará ayé àti ará ọ̀run ti ń pàdé, pé àwọn ẹbọra ibẹ̀ ti gba aláìsàn náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní dárúkọ ẹbọra rárá. Wọn yóò kàn ní ojú ayé ti rí i, ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀, kò sí ohun tí a lè wò mọ́. Ẹnu wọn kò kò lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kò lórí ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí: owó tí a bá tún ná lé e lórí, inú odò ni a jù ú sí. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí yìí gan-an ni mo fẹ́ tako, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn aláìsàn pẹ́ lọ́jà.

Àwọn baba ńlá wa kò fi gbogbo àìsàn ọpọlọ ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Àsìnwín ni wọ́n ń pe èyí tó bá dé lójijì, tó sì lè lọ bó ṣe dé. Àbísínwín ni ti abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wèrè aláṣọ ni ti ẹni tó ṣì ń wọṣọ, tó ń kí èèyàn, tó jẹ́ pé àwọn ará ilé nìkan ló mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Àwọn náà ni wọ́n pa á lówe pé wèrè kì í sàn kó má ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Òwe náà rorò, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ẹni tó pa á ti gbà pé wèrè ń sàn. Ìyókù tó kù ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló dé, nígbà náà, tí ìgbàgbọ́ nípa ọjà fi dà bí òtítọ́ lójú ẹni tó ń ná ọjà ní ọrọọrún, tó sì ń bá aláìsàn kan náà lábẹ́ àtíbàbà kan náà láti ọdún dé ọdún? Ẹni tó lọ jókòó sí gáréèjì ní Adó, tó ń ka àwọn ọkọ̀ tó dúró síbẹ̀, tó wá sọ pé ọkọ̀ kì í gbéra lọ sí Ìkọ̀lé, kò parọ́ nípa ohun tó rí; àwọn tó ti gbéra ni kò sí níwájú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n tètè tọ́jú kò dé ọjà rárá. Ẹni tó dé ibẹ̀, tí wọ́n wá gbé lọ fún ìtọ́jú, tí ara rẹ̀ sì yá, ti gé irun, ó ti wọ aṣọ tó mọ́, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Bó bá padà wá ra ata lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní dá a mọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì ní la ẹnu sọ ọ́. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú ló kù síbẹ̀ fún ojú wa láti rí, àwọn la sì fi ń ṣe ẹ̀rí lórí gbogbo yòókù.

Ohun tó ń gbé wọn dé ọjà pàápàá kò ṣòro láti mọ̀. Ebi ni. Ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ti lé kúrò nílé, yóò lọ síbi tí àkàrà àṣẹ́kù, ìbòòji, omi àti àwọn aláàánú bá wà. Nítorí oúnjẹ ni gbogbo wa ṣe ń lọ sọ́jà.

Àwọn olùwádìí ti dán ọ̀rọ̀ “kò lè sàn mọ́” wò níbi tó ti le jù. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ní àwọn yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn tó ti pẹ́ níbẹ̀ sí, àwọn tí kò sẹ́ni tó tún retí ohun rere kankan lára wọn. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n mú 269 nínú wọn wọ inú ètò kan tó fi oògùn, ibùgbé àti iṣẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sáàárín ìlú. Courtenay Harding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wọn kàn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 32, wọ́n sì tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde ní 1987: láti ìdajì wọn dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ara wọn ti yá, tàbí tí àyípadà ńlá ti dé bá. Wọn kò ṣa àwọn tí àìsàn wọn fúyẹ́. Bí Vermont bá ní ọjà bíi tiwa, àwọn gan-an ni à bá ní wọ́n ti wọ̀ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ọ̀kan wà tó sún mọ́ wa. Grégoire Ahongbonon, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ ẹni tó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní ìlú Bouaké ní Ivory Coast. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Láti àwọn ọdún 1990 ló ti ń kó àwọn alárùn ọpọlọ kúrò ní títì àti ní ọjà, tó ń tú àwọn mìíràn sílẹ̀ kúrò lẹ́nu ṣẹkẹṣẹkẹ̀, tó sì ń mú wọn dé ibi tí wọ́n ti lè rí oògùn, oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ti ní ibùdó ní Ivory Coast, Benin àti Togo, àwọn tó sì ti jẹ́ aláìsàn rí wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín pàápàá, iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nílé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n sì ń padà sílé bí ènìyàn lálẹ́. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó pè wọ́n sínú iṣẹ́ náà. Ohun kan sì wà tí àwọn oníṣègùn náà mọ̀ lóòótọ́. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n ti ń fi wo wèrè tipẹ́, ní èròjà reserpine nínú, èyí tí wọ́n yọ jáde lára ìbátan igi náà ní 1952, tí àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì fi tọ́jú àrùn ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn oògùn mìíràn tó gba ipò rẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Árò, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó ní 1960. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ máa sè é mu nílé o, ó lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.) Ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kò gbà rí pé àìsàn yìí ṣeé wò, kò bi àwọn tó ń wò ó léèrè.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára jù ni pé ó ń sọ ara rẹ̀ di òtítọ́. Nítorí kí ọmọ wọn má baà wọ ọjà, àwọn ẹbí yóò tì í mọ́lé, wọn yóò gbé e láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn, títí ọdún yóò fi gorí ọdún. Bó bá wá já, tó sì dé ọjà, wọn yóò ká ọwọ́ wọn kò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń fi hàn pé bí ìtọ́jú bá ṣe pẹ́ dé tó ni ọ̀nà àtiyá ṣe ń gùn tó. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ 2,040 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ jáde: àwọn tó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìwádìí mìíràn, tó kan agbègbè márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà ní Nàìjíríà, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá jà láàárín ọdún kan, mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà. Àwọn méjìléláàádọ́rùn-ún yòókù kò tíì gbìyànjú kí wọ́n tó kùnà.

Ní Èkìtì, bí a bá ti dárúkọ dókítà ọpọlọ, Árò tàbí Yábàá ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, owó ọkọ̀ ibẹ̀ nìkan sì tó láti mú kí bàbá kan jókòó padà. Ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn ọpọlọ wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó àti ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Mi ò sọ pé ó rọrùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọmùò yóò la Ìkọ̀lé kọjá kó tó dé èyíkéyìí nínú méjèèjì, yóò tún pa dà lóṣù tó ń bọ̀, láti inú àpò ara rẹ̀ sì ni owó oògùn yóò ti jáde. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò pé 500, fún èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ìdí nìyí tí ìwádìí kan tí Gureje àti àwọn mìíràn tẹ̀ jáde ní 2020 fi ṣe pàtàkì fún irú ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n mú 307 aláìsàn tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé máa lọ bá apá kan nínú wọn níbẹ̀, kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn, kí àwọn àti oníṣègùn náà sì jọ máa tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó gba ìtọ́jú àjọṣe yìí yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Kí n má ṣe bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ: kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì yá ní láti máa lo oògùn fún ọdún púpọ̀, bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, ó lè padà dé. Ó padà dé bá télọ̀ wa náà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá elélùbọ́ ló ṣe okùnfà bó ṣe rí ìtọ́jú: ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà pé òun fẹ́ lọ sí “ulé”, ó sì mọ orúkọ abúlé tó máa ń dá tẹ̀ lé e, ó wá ránṣẹ́ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi yọjú tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ní ohùn tí òun ń gbọ́ ti rọlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gún fún un báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fi báírò yí ọjọ́ rẹ̀ po lórí kàlẹ́ńdà. Ó ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ṣì ń ká aṣọ sí mẹ́rin.

Mo pàdé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin níbi òkú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Kò tíì gbà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn nílé bàbá wọn mọ́jú rí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní: “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti wọ ọjà.” Mo bi í pé ó ti tó ọdún mélòó tí àìsàn náà ti jà á kẹ́yìn, ó ní méje. Mo wá bi í pé ta ló rán bùbá tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo apá aṣọ náà, ó sì ní kí n jẹ́ ká lọ kí àwọn olókùú.