Àwo Ilé D.O. Tó Ti Òde Ìsìnkú Wá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tó bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ẹ má baà ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni mo ń rò: ₦36,000. Àwo mẹ́fà, ₦6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦9,000 ni ẹni tó tà á fún mi kọ́kọ́ pè é. Mo ná an títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, nígbà tó gbà, mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú.

Bàbá ọkọ mi ń bọ̀ láti Òǹdó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n pé 80 ọdún. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ̀ngàn, àwọn kò fẹ́ kánópì, àwọn kò fẹ́ onílù. Ilé wa ní Àkúrẹ́ níbí ni àwọn ti fẹ́ bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ jẹ iyán, lórí tábìlì. Inú mi dùn, ìnáwó ti dín nìyẹn. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Wọ́n tún pè mí lórí fóònù: "Ìyàwó mi, mi ò ní í jẹun nínú rọ́bà o. Wá àwo gidi, irú èyí tá a fi ń jẹun nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà." Ẹni tó bá mọ tíṣà ayé ìjọsí mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo ti ní in rí. Ìyá mi ní abọ́ tánganran méjìlá, funfun, etí wọn aláwọ̀ aró, èyí tó tóbi jù nínú wọn ń gba iyán ènìyàn mẹ́rin. Wọ́n fi kùtẹ́ẹ̀sì pupa tọ́ àmì méjì-méjì sí ìdí gbogbo wọn nítorí òde: bí wọ́n bá yá aládùúgbò, tí abọ́ dàpọ̀ mọ́ abọ́ lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, àmì yẹn ni yóò mú un wálé. Irin ni inú tánganran, díńgí tí wọ́n yọ́ bò ó ló ń dán yẹn. Bó bá já lulẹ̀, ara rẹ̀ lè bó, irin á yọjú, á dípẹtà, ṣùgbọ́n kò ní í fọ́. Nígbà tí Màmá kú, a kó ilé wọn. Àwa ọmọ jókòó, a ní ta ló tún ń fi tánganran jẹun láyé òde òní. Àbúrò mi pe àwọn tó ń ti bárò kiri ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Owó tí wọ́n san kò ju ti búrẹ́dì méjì lọ. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni mo bá wọn gbé e sínú bárò.

Ẹ wá wò mí lónìí, tí mò ń pààrà Ọjà Ọba nínú oòrùn, tí mò ń bèèrè ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi tà.

Àwọn ìyá tó ń ta abọ́ lọ́jà kò tilẹ̀ ṣe mí ní nǹkan kan. "Àǹtí, tuntun la ní o." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe ọmọkùnrin kan fún mi, tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í sọ àdúgbò rẹ̀, nítorí mo ṣì fẹ́ gba owó mi.

Ọmọ yìí, gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ ló ti pé 200 ọdún. Gbogbo rẹ̀! Kí ẹ sì mọ̀ pé ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè ní áńtíìkì gbọ́dọ̀ ti tó 100 ọdún; èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan àtijọ́ lásán ni, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn, nǹkan àtijọ́ lásán ni èmi náà ń wá. Ṣùgbọ́n ó kọ̀, 200 ọdún ni dandan. Ó gbé abọ́ kan fún mi, mo yí ìdí rẹ̀ wò, wọ́n kọ "microwave safe" síbẹ̀. Máíkírówéèfù! Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé 1947 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ́jà. Mo fi hàn án. Ó ní, "Àǹtí, òyìnbó máa ń rí iwájú."

Ó tún gbé òmíràn tí wọ́n kọ "England" sí lábẹ́, ó ní kí wọ́n tó bí bàbá bàbá òun ló ti wà. Orúkọ ìlú lábẹ́ àwo, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn 1891 ni, nítorí ọdún yẹn ni òfin Amẹ́ríkà mú kí wọ́n máa kọ ibi tí ọjà ti wá sára gbogbo ohun tó bá wọ ilẹ̀ wọn, ni àwọn tó ń ṣe àwo ní Gẹ̀ẹ́sì bá ń kọ ọ́. Kò pọn dandan kí ọmọkùnrin yẹn mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kò bá mọ nǹkan, ṣé kò lè dákẹ́ ni?

Ti tírè ló tún pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún. Ó ní fàdákà pọ́ńbélé ni, ₦85,000. Mo gbé e sún mọ́ ojú: EPNS, ìyẹn "electroplated nickel silver". Bàbà, níkẹ̀lì àti síńkì ni inú irú tírè bẹ́ẹ̀, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi iná mànàmáná bò ó lójú. Fàdákà gidi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní àmì kìnnìún tó ń rìn lára. Mo bi í pé kí ni lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin túmọ̀ sí. Kò ronú rárá. "E, England. P, Pure. N, Nigeria. S, Silver. Wọ́n dìídì ṣe é fún wa ni." Ẹ ò rí i pé orí rẹ̀ pé? Bó bá lo orí yẹn fún iṣẹ́ gidi, ì bá ti kọ́lé.

Abọ́ kékeré kan tún wà níbẹ̀, ó gùn, ó lẹ́nu ṣọnṣọ bíi ti ẹyẹ, ó sì lọ́wọ́ lẹ́yìn. Ohun tí òyìnbó fi ń da omi ọbẹ̀ sórí ẹran ni. Ó ní abọ́ tí àwọn ìyá ayé àtijọ́ fi ń rọ ọmọ lágbo ni. Mo fi í sílẹ̀.

Kí ẹ sì tó sọ pé kí ló dé tí n kò kàn ra odindi sẹ́ẹ̀tì kan: ẹ ti gbìyànjú láti fi àwo pẹrẹsẹ òyìnbó jẹ iyán rí? Wọ́n ṣe é fún ẹran tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé. Ẹ bu ẹ̀fọ́ sí i, omi rẹ̀ á sàn dé etí, á dúró níbẹ̀ máa wò yín. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọbẹ̀ pàápàá, ó fẹ̀, kò jìn. Ẹ bá fi òkèlè nù ún, yóò fò sí aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tó bá wa mu nínú ẹrù wọn ni àwo ńlá onídèérí tí wọ́n fi ń gbé ọbẹ̀ wá sórí tábìlì. Ó jìn, ìdérí rẹ̀ á mú iyán gbóná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjàpọ̀ ní méjì, ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí. Mo ní kó yá mi. Ó ní àlejò nìkan ni òun ń kó wọn jáde fún. Láti ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀, abọ́ rọ́bà ló fi ń gbé oúnjẹ fún mi. Mo ti wá mọ ipò mi.

Mo bi oníṣòwò mi bóyá àwọn àwo rẹ̀ ṣe é jẹun nínú wọn. Ìbéèrè yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn kí n tó bi í. Òjé máa ń wà nínú ohun dídán tí wọ́n fi ń kun ara àwo láyé àtijọ́, ohun tó bá sì kan, bíi tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́, lè fà á jáde sínú oúnjẹ. Ẹ gbọ́ o: tòmátì! Ẹ dárúkọ ọbẹ̀ ata kan tí kò ní tòmátì. Àwo tí ara rẹ̀ bá sì ti sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn, epo pupa á wọ inú ìlà yẹn, kánrinkán kankan kò ní í yọ ọ́. Irú ìyẹn, ẹ fi kọ́ ara ògiri. Èsì rẹ̀? "Àǹtí, òyìnbó fi jẹun, wọn ò kú." Mo ní, "Òyìnbó 200 ọdún sẹ́yìn, ṣé wọ́n ṣì wà láyé ni?"

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n mi yìí náà, mo ra àwo mẹ́fà. Wọ́n jìn díẹ̀, góòlù wà létí wọn, ara wọn ti pọ́n bí eyín àgbà. Ó ní ilé D.O. kan, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè láyé ìjọba amúnisìn, ni wọ́n ti kó o jáde. Ibi tó ti mú mi nìyẹn, nítorí Àkúrẹ́ ló di olú ìlú Ondo Province ayé òyìnbó ní 1915, D.O. gbé ìlú yìí lóòótọ́. Irọ́ tí wọ́n fi òótọ́ sè máa ń dùn lẹ́nu.

Lálẹ́, kò síná. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sórí sínkì, mo da omi gbígbóná lé wọn pẹ̀lú ọṣẹ. Àwọ̀ eyín àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó pọ́n nínú omi, ó ń rùn bíi tíì tó ti sùn. Tíì ni! Ó rẹ wọ́n sínú tíì! Mo mú kánrinkán onírin, mo ha àárín ọ̀kan níbi tó rí rágbarà-ràgbara, bí ibi tí ẹnì kan ti fi sáńpépà ha tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà góòlù ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn.

SUN RE O, MAMA. Lábẹ́ rẹ̀: LATI OWO AWON OMO, 2003.

Ẹ̀bùn òde ìsìnkú. Irú èyí tí wọ́n ń há fún ènìyàn pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù àti omi inú ọ̀rá. Bí mo bá tú ilé mi dáadáa, ó ṣeé ṣe kí n ní méjì irú rẹ̀ tí n kò sanwó fún. Ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kà á, ó ní, "Ó ti lé ní ogún ọdún ṣá. Àtijọ́ ni." Mo wò ó. Ó yí padà lọ wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo padà lọ. Ọmọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ tijú. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti fi omi kàn, wọn kì í gbà á padà. Ó ní bí n kò bá fọ̀ ọ́, ṣé mo máa rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ó ní òun lè bá mi fi tírè pààrọ̀ rẹ̀ tí mo bá fi ₦49,000 kún un.

Títí mo fi ń kọ èyí, àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lábẹ́ sínkì, a da ojú wọn délẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà máa ka ohun tí wọ́n kọ fún olóògbé. Òní ni Tọ́sìdé. Bàbá pè láàárọ̀ yìí, wọ́n bèèrè ara, wọ́n bèèrè ìlera àwọn ọmọ, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, àwo yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i?"

Mo ní, "A ti rí i, sà."