Físà méjì nítorí ọ̀sán kan ní Macau!

Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Gbogbo ẹni tó bá ti dé Hong Kong rí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ẹ yà sí Macau, ìlú tó wà lódìkejì omi, ẹ lè lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì padà nírọ̀lẹ́." Wọ́n á ní kéèyàn lọ sí èbúté Sheung Wan ní Hong Kong, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, bíi wákàtí kan ló máa gbà. Ẹni tí ẹ̀rù omi bá ń bà, kó wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba orí afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní 2018, dọ́là Hong Kong 65 lowó ọkọ̀. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ó dájú pé kì í ṣe èmi tí mo mú páàsípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà dání.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ fẹ́ lọ. Ìyá kan náà ló bí wa. London ni wọ́n ń gbé, páàsípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò. Èkó lèmi wà. Tiwọn ò le rárá: wọn ò nílò físà ní Hong Kong, wọn ò nílò ẹ̀ ní Macau, oṣù mẹ́fà gbáko ni Macau máa ń fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ní tèmi, ìwé báǹkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀ ni mo kó sílẹ̀ kí Hong Kong tó fún mi ní físà. Nígbà tó sì jáde, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Ṣáínà ni Hong Kong àti Macau wà, àmọ́ kálukú ló ní bodè tirẹ̀. Tí mo bá ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Hong Kong láti wọkọ̀ lọ sí Macau, mo ti jáde nílùú nìyẹn, físà ti parí iṣẹ́. Tí mo bá rìn yí ká Macau tán, báwo ni mo ṣe fẹ́ padà síbi tí ẹrù mi wà?

Ti Macau fúnra ẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò tó nílò físà lè gbà á lójú bodè wọn. Ṣùgbọ́n láti 2010 ni wọ́n ti yọ orílẹ̀-èdè 6 sọ́tọ̀ pé àwọn yìí ò gbọ́dọ̀ gba físà níbẹ̀: Bangladesh, Nepal, Pakistan, Sri Lanka, Vietnam, àti àwa. Nínú gbogbo Áfíríkà, àwa nìkan! Ọ́fíìsì aṣojú Ṣáínà la ti gbọ́dọ̀ gbà á ká tó gbéra. Láti 2010! Ṣé ìjọba wa tiẹ̀ ti bi wọ́n léèrè ohun tá a ṣe?

Mo fẹ́ débẹ̀ gan-an ni o. Ọmọ Èkó ni mí, àárín àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé kọ́ bíi ti Potogí ní Campos ni mo ti ń ṣeré ní kékeré, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n rí ohun tí Potogí kọ́ sí apá ibòmíràn láyé. Wọ́n tẹ̀dó sí Macau ní 1557, ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé e lé Ṣáínà lọ́wọ́. Mo fẹ́ rí gbàgede Senado tí wọ́n fi òkúta dúdú àti funfun tẹ́ bí ìgbì omi. Mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ síwájú ìjọ Páùlù Mímọ́ tó jóná ní 1835, tó jẹ́ pé ògiri iwájú nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo fẹ́ dé odi Monte, kí n dúró ti àwọn ìbọn àgbá tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1622, nígbà tí àwọn ará Hòláńdì wá gbógun ti ìlú yẹn, ẹrú adúláwọ̀ wà lára àwọn tó lé wọn dà sínú òkun. Èèyàn wa jagun gba ìlú yẹn sílẹ̀. Èmi kàn fẹ́ wo ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni!

Èyí tó wá ń dùn mí wọ egungun ni éjẹ́ǹtì tó gbowó ètò Macau lọ́wọ́ mi. Mo bi í lójúkojú: "Ọ̀gá, páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màdáàmù, wọ́n á fún yín ní físà tẹ́ ẹ bá débẹ̀." Mo ní, "Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ló wà nínú físà Hong Kong mi." Ó ní, "Ṣáínà kan náà ni gbogbo ẹ̀, màdáàmù." Irọ́ gbuu! Ìgbà tí mo ka òfin Macau fúnra mi ni mo pè é padà, ló bá kọ́kọ́ ní owó tá a ti san kì í padà, kó tó wá ní òun á dá ìdajì padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, ẹ ti ilé béèrè fún físà Hong Kong tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kẹ́ ẹ sì gba ti Macau kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin éjẹ́ǹtì, ẹ yé parọ́ fún èèyàn tó ṣiṣẹ́ kó tó rówó. Ìwọ tó sì gba tèmi, gbogbo owó mi pátá ni mo fẹ́, kì í ṣe ìdajì tó o fi ń bẹ̀ mí.