Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ̀kọ́ tí ìbejì kọ́ wa nípa ìfaradà

Bí ọmọ méjì bá la ìyà kan náà kọjá, tí ọ̀kan gbérí, tí èkejì rẹ̀wẹ̀sì, kíá la máa ń sọ pé bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá wọn nìyẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà tún ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ara ìbejì la sì ti lè wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe rìn.

Ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan jọ ní àbùdá kan náà. Ti ẹyin méjì ò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bí ìfaradà àwọn ti ẹyin kan bá jọra ju ti àwọn yòókù lọ, àjogúnbá wà nídìí ẹ̀. Níbi tí àwọn ti ẹyin kan gan-an bá ti yàtọ̀ síra, ohun tí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ni kí ẹ wò.

Ìwádìí E-Risk tẹ̀ lé ìbejì 1,116 orísìí tí wọ́n bí ní England àti Wales ní 1994 sí 1995. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 5, àwọn olùwádìí rí i pé àjogúnbá kópa nínú ìfaradà àwọn tó dàgbà nínú ìṣẹ́, ìfẹ́ ìyá àti eré tó ń la ọpọlọ sì kópa tiwọn. Wọ́n tún ní kí àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 5. Láàárín àwọn ti ẹyin kan, èyí tí ìyá bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú ju èkejì lọ ni olùkọ́ sábà máa ń sọ pé ìwà rẹ̀ le jù. Ẹyin lohùn, lóòótọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọmọ kan lónìí, èkejì lọ́la. Ẹ ka ẹ̀sùn, ẹ ka oríyìn. Bí ẹ ò bá lè sọ ti ọ̀kan láì fi wé èkejì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọmọ tó yá mọ́ni ló máa ń rí ẹ̀rín gbà. Èyí tó dákẹ́ ń gba díẹ̀, á sì túbọ̀ dákẹ́. Nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìṣẹ́jú 15 tirẹ̀ lójúmọ́, kí ó fúnra rẹ̀ yan eré. Bí ẹ bá fẹ́ bá a wí, ohun tó ṣe ni kí ẹ sọ, ẹ má dárúkọ ìkejì rẹ̀ sí i.